Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Wa: Obasa, Agege àti Ọ̀nà Tí Ọ́nọ́rébù Ń Gbà Wọlé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lóṣù tó kọjá mo ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè yín lórí òṣèlú ránṣẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ààrẹ àti gómìnà lẹ máa kó dé, àṣé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló wà lọ́kàn yín. Orúkọ Mudashiru Obasa nìkan, ọ́nọ́rébù Agege tó di Sípíkà, ìyẹn olórí ilé aṣòfin Èkó, mi ò lè ka iye ìgbà tó jáde nínú àwọn lẹ́tà náà. Àwọn tí ìbéèrè wọn jọra, mo ti pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó bú èèyàn, mo yọ èébú kúrò, mo fi ìbéèrè sílẹ̀, ẹ má bínú.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Agege ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí pósítà Obasa lára ògiri. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá ń jiyàn, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wọlé sílé aṣòfin, èmi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, a sì ti ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ẹ bá wa dá a, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."
— Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Agege

Ìwọ lo jẹ ẹ́, lọ gba owó ẹ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni: 2007, 2011, 2015, 2019 àti 2023. Ẹkùn ìdìbò kan náà sì ni gbogbo ẹ̀, Agege kìíní. Ìjọba ìbílẹ̀ ogún tí ìwé òfin mọ̀ ní Èkó, méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ránṣẹ́ sílé aṣòfin, ibẹ̀ la ti rí ogójì ọ́nọ́rébù.

Ṣùgbọ́n kánsílọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Ọdún 1999 tí àwọn ológun ń kó ẹrù wọn padà sí bárékè, Obasa di kánsílọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Agege lábẹ́ ẹgbẹ́ AD. Oṣù kọkànlá 1972 ni wọ́n bí i, bá mi ṣírò ẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Ó ṣe é di 2002. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba LASU lọ kàwé òfin, ó jáde ní 2006, ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù kẹrin 2007, ó wọlé sílé aṣòfin lábẹ́ AC. Ní 2011 ACN ni. Láti 2015 títí dé 2023, APC ni. Ẹni tó bá kàn wo orúkọ máa ní ọkùnrin yìí ti wọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ilé kan náà ni, wọ́n kàn ń tún un kùn ni, ẹni tó bá mọ òṣèlú Èkó láti ìgbà AD mọ̀ pé àwọn tó wà ní yàrá ò kúrò ní yàrá.

Oṣù kẹfà 2015 ló di Sípíkà, ọdún kẹjọ tó ti wà nínú ilé nìyẹn. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, mo túmọ̀ sí ẹni tó gbé e fún un, Adeyemi Ikuforiji ni, òun náà lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lórí àga yẹn, 2005 sí 2015.

Nǹkan kan wá wà nínú lẹ́tà ẹ tí mo fẹ́ kó o ronú sí. O ní pósítà lo ti ń rí orúkọ Obasa. Bẹ́ẹ̀ ni, torí o ò lè rí i lórí bébà ìbò. Bébà tí INEC ń fún wa, àmì ẹgbẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ èèyàn, kò sí fọ́tò. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ ni ìka tó o tẹ̀ ń lọ bá. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀, má gbàgbé ẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Gómìnà tó bá ti ṣe ẹ̀ẹ̀mejì á palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ààrẹ náà bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí àwọn aṣòfin fi ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni jókòó sílé bàbá ẹ̀? Ṣé kò sí òfin tó kàn wọ́n ni?"
— Màmá kan, Mushin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ màmá. Òfin kàn wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀mejì yẹn. Ìwé òfin 1999, abala 182, ló sọ pé gómìnà tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì ò lè jáde mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí abala 106 àti 107 tó sọ ẹni tó lè jáde fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ẹni tí ò lè jáde, ẹ máa rí ọjọ́ orí, ẹ máa rí ìwé ẹ̀rí, ẹ máa rí ẹni tó sẹ̀wọ̀n àti ẹni tó jẹ gbèsè tí kóòtù ti kéde, ẹ ò ní rí iye ìgbà. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ilé ń tú ká, lẹ́yìn náà ẹni tó bá tún wọlé ti wọlé nìyẹn, kó ṣe é títí eyín ẹ̀ á fi ká.

Èmi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí i bí nǹkan burúkú tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Iṣẹ́ aṣòfin gba ìmọ̀, ẹni tó ti ka ìwé ìṣúná ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ máa rí ibi tí wọ́n fi owó pamọ́ sí ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé àwọn tó ń pẹ́ níbẹ̀ yìí, kì í ṣe àwa la ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ká tó dá wọn padà. Àwọn kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. Àwọn mí-ìn sì wà tí wọn kì í dúró, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Adeleke Mamora tó ṣe Sípíkà Èkó láti 1999 sí 2003, ṣebí láti ibẹ̀ ló ti gba Àbújá lọ, ó ṣe sẹ́nétọ̀ ìlà oòrùn Èkó fún ọdún mẹ́jọ, nígbà tó di 2019 wọ́n tún sọ ọ́ di mínísítà.

"Òkè òkun ni mo ń gbé, mo kàn ń gbọ́ fìrìfìrì ni. Ní January 2025 wọ́n ní wọ́n ti yọ Obasa, March wọ́n ní ó ti padà. Ṣé wọ́n tún ìbò dì ní Agege ni? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mi ò lóye ẹ̀ rárá."
— Ọmọ Èkó kan lẹ́yìn odi

Lẹ́tà bíi mọ́kànlá ló béèrè èyí, torí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀.

Ìbò kankan ò wáyé ní Agege. Àga méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun la sì ń dà pọ̀. Àga kìíní ni ti ọmọ ilé, ará Agege ló gbé e fún un. Àga kejì ni ti Sípíkà, ará Agege ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Abala 92 ló ní kí àwọn ọmọ ilé yan ọ̀kan nínú ara wọn, abala yẹn náà ló ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lè yọ ọ́. Ogójì ni wọ́n ní Èkó, èèyàn 27 tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tí èèyàn 27 bá gbà, Sípíkà ti di ọ́nọ́rébù lásán, á kúrò lórí àga gíga, á lọ jókòó láàárín àwọn yòókù, ó ṣì ń ṣojú Agege rẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ṣì ń wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025, Obasa ò sí nílé, ó rìnrìn-àjò. Àwọn ọmọ ilé jókòó, wọ́n ju 27 lọ dáadáa, wọ́n ní ó ń jẹ gàba lé àwọn lórí, wọ́n fẹ̀sùn ìnákúnàá owó kàn án, wọ́n yọ ọ́. Igbákejì ẹ̀, Mojisola Meranda tó ń ṣojú Apapa kìíní, ni wọ́n gbé sórí àga. Bí Èkó ṣe ní Sípíkà obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn o, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí Obasa dé, kí oṣù yẹn tó parí, ó ní òun ò ṣe nǹkan tí wọ́n wí, ó ní ilé wà nínú ìsinmi lọ́jọ́ yẹn, òun tóun jẹ́ olórí ilé ò pe ìjókòó kankan, òun ò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun pè é, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe ò bófin mu. Ó gba kóòtù gíga lọ ní Ìkẹjà. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ló wá wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́, òun àti àwọn ọmọ ilé díẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ jókòó, ó ní òun ṣì ni Sípíkà. Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀ ń gbọ́ Sípíkà méjì nínú ilé kan, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò mọ ẹni tí wọ́n máa kí káàárọ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà wọ́n dá Obasa padà, wọ́n sì dá Meranda padà sí igbákejì. Ọjọ́ 49 ló lò lórí àga.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi mi ni pé ta ló yí àwọn ọmọ ilé lọ́kàn padà. Àwọn tó dìbò yọ ọ́ ni wọ́n ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó padà, kò sí ẹni tuntun kankan tó wọlé láàárín ọjọ́ 49 yẹn. Ohun tí gbogbo ìlú rí ni pé ìpàdé ń lọ lórí ìpàdé. Àwọn àgbà APC Èkó tí wọ́n ń pè ní GAC ń jókòó, Olóyè Bísí Àkàndé àti Olóyè Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà náà bá wọn dá sí i, wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń pẹ̀tù sí i. Nígbà tọ́rọ̀ parí, ilé àwọn àgbà ló ti parí, gbọ̀ngàn ilé aṣòfin wulẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti wá kà á sétí aráyé ni. Ẹjọ́ tó wà ní kóòtù náà ò kú o, nínú oṣù kẹrin adájọ́ dá a pé ìyọnípò oṣù kìíní yẹn ò bá òfin mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ fi máa dé, ẹni tó pẹjọ́ ti lé ní oṣù kan lórí àga tó ń pẹjọ́ lé lórí.

Ẹnì kan kọ̀wé pé àwọn alátakò nínú ilé ńkọ́, kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀rẹ́ mi, alátakò wo? Ní 2015 PDP rí mẹ́jọ nínú ogójì gbà l'Ékòó, ẹnu yà wá nígbà yẹn, kò pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn fi sọdá sí APC. Ní 2019, ogójì nínú ogójì, APC ni. Ní 2023, méjì péré ló bọ́ mọ́ APC lọ́wọ́. Tí ilé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tán, ìjà inú ilé á di ìjà ẹbí, ẹbí náà ló sì máa ń parí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ti parí yunifásítì, mo fẹ́ jáde fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní 2027. Àwọn àgbà àdúgbò ní mo kéré, wọ́n ní kí n lọ fẹ́yàwó ná. Ṣé lóòótọ́ ni? Èló ló sì yẹ kí n ní lọ́wọ́?"
— Ọ̀dọ́ tó fẹ́ díje, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, ìyàwó dáa, àmọ́ kò sí nínú ìwé òfin. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó mú un wá sí ọdún 25, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ pariwo fún bí ọdún méjì. Ọjọ́ orí ẹ tó. Ìwé ẹ̀rí girama lásán ni òfin béèrè, ìwọ ti kọjá ìyẹn. O gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ṣá, torí ní Nàìjíríà a ò gbà kí ẹnikẹ́ni dá jáde láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé ẹ kalẹ̀.

Ó wá ku owó. Màá sọ ti ìbò 2023 fún ẹ torí òun la mọ̀ dájú, èyí tó ń bọ̀ lè yàtọ̀ sí i. Fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní APC nígbà yẹn, mílíọ̀nù méjì náírà ni. Ti PDP, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n lò nígbà yẹn sì ní olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ná ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù lọ. Má rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń pa èèyàn, praimari ni, ìyẹn ìbò tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje ẹ̀. Ibi tí mo ní kí ọmọ Agege yẹn má gbàgbé nìyí. Torí pé àmì ẹgbẹ́ ló wà lórí bébà ìbò, ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tó lágbára ní àdúgbò kan ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tán kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ìbò mẹ́ta ni ọ́nọ́rébù ń là kọjá: ti inú ẹgbẹ́, ti gbogbo ìlú, tó bá sì fẹ́ ipò nínú ilé, ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ọ́nọ́rébù. Àwa la ni ti àárín, ariwo tiwa ló sì pọ̀ jù, àwa la ń tò sórí ìlà nínú òòrùn, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tá a fẹ́ràn lè ti já tipẹ́.

Mo lọ wo praimari ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́, mi ò ní dárúkọ ìlú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé àpótí dé. Kí àpótí tó dé, bọ̀ọ̀dá kan tó wọ fìlà funfun ti ń rìn láàárín èrò, ó ń sọ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó fi máa yí po tán gbogbo délígéètì, ìyẹn àwọn tí ẹgbẹ́ yàn láti wá dìbò, ti mọ orúkọ tí wọ́n máa kọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùdíje, ọmọ tó já fáfá, tó ti lọ kí gbogbo ìyálọ́jà ìlú, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ gúgúrú ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò tiẹ̀ wọlé lọ dìbò. Mo bi í léèrè, ó ní "ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fẹnu kò." Ẹ wò ó, òfin 2022 yẹn ní kò sí ìfẹnukò àfi tí gbogbo olùdíje yòókù bá fọwọ́ síwèé pé àwọn yọ̀ǹda. Ọmọ yẹn ò fọwọ́ sí nǹkan kan, gúgúrú ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Torí náà tó o bá fẹ́ ṣe é, má bẹ̀rẹ̀ láti orí Facebook. Lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, lọ jókòó tì wọ́n, mọ alága wọ́ọ̀dù, mọ akọ̀wé, mọ àwọn tó ń kó àga. Ìwọ wo Obasa yẹn náà, kánsílọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín 1999 àti ìgbà tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin. Má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ pé ó di òjijì.

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ Èkó, ẹ ò sọ ti Èkìtì. Ṣé ẹ gbàgbé Sípíkà ọlọ́jọ́ mẹ́fà ni?"
— Ará Ìkọ̀lé

Mi ò gbàgbé o, ẹ̀rín ni mò ń gbìyànjú láti pa mọ́ra. Funminiyi Afuye tó jẹ́ Sípíkà Èkìtì kú lóṣù kẹwàá 2022, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, wọ́n dìbò, Gboyega Aribisogan ní 15, Olubunmi Adelugba ní 10. Ó parí, àbí? Ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà, wọ́n ti yọ Aribisogan, wọ́n ti gbé Adelugba síbẹ̀, òun náà sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jókòó síbẹ̀ ní Èkìtì. Ọ̀rọ̀ Èkó jọ ọ́ díẹ̀, àbí ẹ ò rí i?

Èyí tó tún kà mí láyà jù ni ti 2014 ní Èkìtì yẹn náà. Ọmọ ilé 26 ni wọ́n. Méje péré ló jókòó lóṣù kọkànlá, wọ́n ní àwọn ti yọ Sípíkà Adewale Omirin, wọ́n yan Dele Olugbemi. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 26, èèyàn 18 ni. Kí ilé tiẹ̀ tó lè jókòó rárá, ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn mẹ́sàn-án. Méje ò tó èyí, méje ò tó tọ̀hún.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé Sípíkà Ọ̀yọ́, ìbò àjókù ló fi wọlé? Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Erúwà, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èébú ni."
— Tíṣà kan, Ìbàràpá

Kì í ṣe èébú, bó ṣe sọ ọ́ ni ò dáa. Ìbò tí wọ́n fi ń dí àlàfo ni. Michael Adeyemo tó jẹ́ Sípíkà Ọ̀yọ́, tó ń ṣojú Ìlà Oòrùn Ìbàràpá, kú lóṣù kẹrin 2018. Ẹgbẹ́ APC ló wà, APC náà ló wà nílé ìjọba n'Íbàdàn nígbà yẹn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, INEC ṣe ìbò láti fi ẹlòmí-ìn rọ́pò ẹ̀, Adebo Ogundoyin ti PDP sì gba ìjókòó náà mọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Èmi rántí pé àwọn èèyàn ń sọ pé ìjókòó kan péré ni, kí ló kàn án. Ó kàn án o, torí ọdún tó tẹ̀ lé e PDP gba gómìnà, wọ́n gba 26 nínú ìjókòó 32, nígbà tí wọ́n sì máa yan Sípíkà lóṣù kẹfà 2019, ọmọkùnrin tó fi ìbò àfidípò wọlé lọ́dún kan sẹ́yìn yẹn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ó tún wọlé ní 2023, wọ́n sì tún gbé e síbẹ̀.

Ìbò àfidípò bẹ́ẹ̀, mo máa ń fẹ́ràn ẹ̀ ju ìbò ńlá lọ. Kò sí ààrẹ níbẹ̀, kò sí gómìnà níbẹ̀ tí wọ́n á fi wọ́ ẹni yòókù wọlé. Olùdíje àti ìlú ẹ̀ nìkan ló kù síra wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ nínú ìbò ilé aṣòfin, báwo ló ṣe máa gba ẹ̀tọ́ ẹ̀, ìgbà wo ló sì máa parí?"
— Ẹni tó ní kí n má dárúkọ ìlú òun

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá kéde èsì, ọjọ́ 21 lo ní láti kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí tìráíbúnà, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò. Ọjọ́ 22 ti pẹ́ jù. Tìráíbúnà ní ọjọ́ 180 láti dá a, kòtẹ́milọ́rùn ní ọgọ́ta ọjọ́, ibẹ̀ ló sì máa parí sí, ẹjọ́ ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í dé kóòtù tó ga jù lọ.

Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu ni pé tó bá jẹ́ inú praimari ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́, ìyẹn lè dé Àbújá. Ọjọ́ 14 péré lo ní láti pẹjọ́, àmọ́ ó lè gun òkè dé kóòtù tó ga jù lọ. Torí náà ìjà inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń gun òkè ju ìjà gbogbo ìlú lọ. Èmi ò mọ bí ẹ ṣe rí i, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

"Ọ́nọ́rébù wa, àtìgbà tó ti wọlé a ò rí i mọ́. Ṣé a lè pè é padà kí ọdún mẹ́rin tó pé?"
— Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan, Ìjẹ̀bú

Ẹ lè pè é, abala 110 fún yín láyè. Ẹ máa kọ́kọ́ gba ìbuwọ́lùwé ẹni tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn yín lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe àwọn tó jáde dìbò, ìyàtọ̀ yẹn ló ń dá gbogbo ẹ̀ dúró, torí lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀, òmí-ìn ti kú, òmí-ìn ti kó lọ, òmí-ìn wà ní Kánádà. Lẹ́yìn náà ẹ óò gbé e fún INEC, wọ́n á yẹ orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá pé, láàárín 90 ọjọ́ wọ́n á ní kí gbogbo ẹkùn wá dìbò bóyá kó lọ tàbí kó dúró. Irú òfin kan náà ló wà fún àwọn sẹ́nétọ̀. Wọ́n dán an wò lórí Dino Melaye ní Kogi, ìwé tí wọ́n gbé wá kún inú àpò, ariwo gba gbogbo orílẹ̀-èdè, ìgbà tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lùwé jáde wá fi ojú ara wọn hàn lóṣù kẹrin 2018, àwọn tó bá ìwé mu ò tó mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ ka iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ tó ra bébà.